Ẹ Máa Sin Ọ̀rọ̀ Bí Ẹni Ń Sin Gbèsè

Ẹ̀yin ará Lomé tẹ́ ẹ wà ní Kodjoviakopé, ẹ káalẹ́. Ẹ̀yin ará Anagokomé, ẹ káalẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bè, ní Tokoin, títí dé Agoè lọ́hùn-ún, a kí yín. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Assigamé dé, tẹ́ ẹ ṣì ń na ẹsẹ̀, ẹ kú àárẹ̀ ọjà. Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ gbé àga síta tẹ́ ẹ ń gba atẹ́gùn, ẹ kú ìsinmi. Ẹ̀yin onízémì tẹ́ ẹ wà lórí alùpùpù, tẹ́ ẹ ki rédíò bọ etí, ẹ rọra o, ẹ wo iwájú. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé ńkọ́? Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ kàn lálẹ́ òní.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ló wà níbẹ̀ tó lọ́mọ ní sixième? Ta ló lọ́mọ ní troisième, tó fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC? Ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru rí? Ẹ ti gbọ́ ọ níbi tó ti ń ké ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ké ìpolówó? "Chair, la chaise. Spoon, la cuillère. Knife, le couteau." Á ké e, á ké e, títí oorun á fi gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ bi í. Ó rántí. Ẹ kú oríire. Ẹ wá bi í lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé kí ni wọ́n ń pe ọ̀bẹ. Á wo òkè. Á wo ilẹ̀. Á họrí. Ọ̀bẹ ti sọ nù.

Kí ló fà á? Ṣé ọmọ náà ò lópọlọ ni? Rárá o. Ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó mọ ẹni tó gbá a wọlé àti ìṣẹ́jú tó gbá a wọlé, ta ló sọ pé kò lópọlọ? A yá ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò sì padà lọ sin ín. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó tí wọn kò sin.

Ohun tí mo bá wá sórí afẹ́fẹ́ lálẹ́ òní nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ́ ọmọ, ká máa sin ín. Ká sin ín bí ẹni ń sin gbèsè.

Ẹnì kan á ní, kí la fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Lomé, níbi tó jẹ́ pé Faransé ni ìjọba ń sọ? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ dìde ní Kodjoviakopé, ẹ rìn díẹ̀, ẹ ti dé ibodè. Aflao lẹ ń wò yẹn, Ghana ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo pátákó. Èèyàn lè gbé ọbẹ̀ kaná níhìn-ín, kó rìn bọ́ sínú èdè mìíràn, kó padà wá bá ọbẹ̀ náà tí kò tíì hó. Ẹ kọjú sí ìlà oòrùn, ẹ gba Cotonou, ẹ gba Sèmè, ẹ ti dé ilẹ̀ Nàìjíríà níbi tí ẹbí wa wà. Ilé ìfowópamọ́ Ecobank, Lomé ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọkọ̀ òfuurufú ASKY, Lomé ni ibùdó rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Kigali, wọ́n gba orílẹ̀-èdè Togo wọ ẹgbẹ́ Commonwealth, tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti rí i pé Faransé nìkan ò tó í ná ọjà yìí.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó sí Lomé yìí rí? Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àwọn ni wọ́n wọ ìlú yìí, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Títí di 1920 ni wọ́n fi wà níbí kí wọ́n tó fi í lé Faransé lọ́wọ́. Ká ní wọn ò lọ ni, Faransé làwọn ọmọ wa ì bá máa ké lóru. Ó dáa, ìyẹn ti kọjá. Ẹ jẹ́ ká padà sórí gbèsè.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ, aṣọ ló ń tà. Kò mọ̀wé. Kò gbọ́ Faransé ju "bonjour" lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ká má tiẹ̀ dárúkọ. Èdè Mina ló fi ń ná ọjà, Yorùbá ló fi ń bá wa wí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ ìyá mi lówó tó gbàgbé. Kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé. Bó bá ta aṣọ fún yín láwìn lónìí, lọ́la á kọjá níwájú ilé yín, á kí yín. Kò ní í mẹ́nu kan owó o. Kíkí lásán ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, á tún kọjá, á ní, "Aṣọ yẹn mà yẹ yín o." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á jókòó. Ẹ̀yin náà á ti mọ̀ pé ìjókòó yẹn kì í ṣe lásán.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní collège, èmi náà ń ké ọ̀rọ̀ lóru. Ó gbọ́ ariwo mi, ó pè mí.

"Kí lò ń ké?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni, màámi."

"Ọ̀rọ̀ mélòó lo kó lónìí?"

"Ogún ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó tajà fún ogún èèyàn láwìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí kò mọ ilé ẹnì kankan nínú wọn, ó ti da ọjà rẹ̀ sómi. Mú mẹ́ta."

Ó gbé agolo mílíìkì mẹ́ta tó ti ṣófo kalẹ̀. Ó ní kí n gé páálí wẹ́wẹ́, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo ya ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí, mo kọ "knife" sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Páálí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Wọ́n bọ́ sínú agolo kìíní. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ń jẹ àkàsà lọ́wọ́, mo gbọ́ tó ń mi agolo. Ṣáká ṣáká. Ó ní, "Gbèsè mi dà?"

Á na páálí sí mi, ojú àwòrán ló máa ń kọ sí mi. Màá pe ọ̀rọ̀ náà. Màá fi sọ gbólóhùn kan tó kan ilé wa, kì í ṣe tinú ìwé o. Òun ló fi èyí lélẹ̀. Bí mo bá sọ pé ọ̀bẹ wà lórí tábìlì, á ní a ò ní tábìlì, kí n sọ òmíràn. Mo wá sọ ọ́ pé "My mother hides the knife", torí pé lóòótọ́ ló ń fi ọ̀bẹ pamọ́ fún àbúrò mi tó ń fi í gbẹ́gi. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà di òní, "knife" àti "hide" ò kúrò lórí mi. Mo wá yí páálí padà kí n fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́tà k tó wà níwájú "knife" yẹn, ẹ̀yin ọmọ, àlejò tó jókòó tí kò fọhùn ni. Ẹ kọ ọ́, ẹ má pè é.

Bí mo bá gba ọ̀rọ̀ kan, ṣé gbèsè ti parí ni? Ó tì o. Páálí yẹn á kúrò nínú agolo kìíní, á bọ́ sínú èkejì. Agolo kejì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó tó ṣí i. Bí mo bá tún gbà á, ó di agolo kẹta, ìyẹn di oṣù tó ń bọ̀. Èyí tí mo bá gbàgbé, ì báà jẹ́ inú agolo kẹta ló ti jábọ́, agolo kìíní ló ń padà sí. Á tún bẹ̀rẹ̀ látorí "Gbèsè mi dà?"

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo wá kà á pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Sebastian Leitner kọ ìwé jáde lédè Jámánì ní 1972, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ pín ọ̀rọ̀ sínú àpótí, kí èyí tó bá rántí máa lọ síwájú, kí èyí tó bá gbàgbé máa padà sẹ́yìn. Ẹnì kan ti ṣáájú rẹ̀ nílẹ̀ Jámánì, Hermann Ebbinghaus, tó fi orí ara rẹ̀ dán bí èèyàn ṣe ń gbàgbé wò, tó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1885. Ó ní wàrà wàrà lèèyàn ń gbàgbé níbẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tó pín àtúnkà sí ọjọ́ púpọ̀ á rántí ju ẹni tó rọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ọjọ́ kan. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ, bí ọmọ iléèwé ṣe lè ní i púpọ̀ kó sì dúró sí i lórí. A ní kí ọ̀rọ̀ má pọ̀ lójúmọ́. Mẹ́ta ti tó. A ní kẹ́ ẹ máa sin ín: lọ́la, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lóṣù tó ń bọ̀. A sì ní ìyá tí kò mọ̀wé lè ṣe é. Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, ẹ̀yin ìyá wa? Ẹ má jókòó sọ pé, "Èmi ò kàwé, kí ni mo mọ̀." Gbèsè sísin lẹ mọ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n jù yín lọ?

Ibo la ó ti rí ọ̀rọ̀ tí a ó kọ́kọ́ yá ọmọ? Ẹ wo inú ilé yín. Àwa Yorùbá, ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń sùn sílé wa tí a ò gbowó ilé lọ́wọ́ wọn. Kí lẹ fi mu tíì láàárọ̀ yìí? Búrẹ́dì. Gẹ̀ẹ́sì ni. Kí lẹ fi nura lẹ́yìn ìwẹ̀? Tówẹ̀lì. Gẹ̀ẹ́sì ni. Bọ́ọ̀lù tọ́mọ ń gbá, tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ tàn nígbà tí iná lọ, sísọ́ọ̀sì tí télọ̀ fi gé aṣọ, télọ̀ fúnra rẹ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu àwọn èèyàn wa tó wá láti Nàìjíríà ni wọ́n gbà dé Lomé, a sì ti wọ̀ wọ́n láṣọ Yorùbá débi pé a ò dá wọn mọ̀ mọ́.

Kí wá ni aṣọ náà? Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, èyí dùn. Èdè Yorùbá kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró ti ara wọn, kì í sì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sórí kọ́ńsónáǹtì bíi d tàbí l. Nígbà tí "bread" dé ọ̀dọ̀ wa, a ki fáwẹ̀lì kan sáàárín b àti r, a fi òmíràn dí i nídìí. Ó di búrẹ́dì. "Towel" náà, a fi ì kan dí i nídìí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ará Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú rẹ̀, ẹ bọ́ fáwẹ̀lì wọ̀nyẹn kúrò. Ẹ dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ yín lálẹ́ yìí bí ẹni ń pa àlọ́. Ìyá á ní, "Sísọ́ọ̀sì." Ọmọ á bọ́ aṣọ rẹ̀. Ìyá á ní, "Tábìlì." Ọmọ á bọ́ aṣọ rẹ̀, á sì rí i pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Faransé gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu ni wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀.

Ìyẹn sì mú mi dé ọ̀dọ̀ Faransé. Ọmọ tó ń kàwé ní Lomé ní ohun tí ọmọ Ìbàdàn ò ní. Faransé tó wà lẹ́nu rẹ̀, ìdajì ọ̀nà ló bá a rìn dé ìdí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1066, William, olórí àwọn ará Normandy, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọba wọn. Faransé ni òun àtàwọn ìjòyè rẹ̀ ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin, tí mẹ̀kúnnù ń sọ èdè tiwọn lóko. Àmì rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ títí dòní. Màlúù tó ń jẹko, "cow" ni, ọ̀rọ̀ àwọn darandaran. Bó bá ti dinú ọbẹ̀, ó di "beef". Ẹ̀yin ọmọ, kí ni wọ́n ń pe màlúù ní Faransé? "Bœuf." Àgùntàn tó wà láàyè, "sheep" ni. Bó bá dẹran, ó di "mutton". Kí sì ni wọ́n ń pe àgùntàn ní Faransé? "Mouton." Ẹni tó ń sin ẹran ló fún un lórúkọ kan, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló fún un lórúkọ kejì. Ta ló ní ìtàn ò sí nínú ọ̀rọ̀?

Torí náà, ọmọ tó bá mọ "liberté" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ "liberty". Ẹni tó mọ "université" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ "university". "Attention" àti "nation" ò tiẹ̀ yàtọ̀ rárá lórí ìwé. Ẹ kó wọn jọ, ẹ ó rí i pé wọ́n pọ̀ bí erùpẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan wà nínú wọn tó jọ ẹbí tí kì í ṣe ẹbí. Mo ti bá ọ̀kan pàdé rí, ojú mi sì rí nǹkan.

Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Mo lọ kí àbúrò bàbá mi ní Accra, mo ní kí n ra ìwé atúmọ̀ èdè bọ̀. Ní Faransé, ibi tí wọ́n ti ń tàwé ni "librairie". Mo bá dá ọkùnrin kan dúró, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, "Please, where is the library?" Ó mú mi dé iwájú ilé ńlá kan. Mo wọlé. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní irú ìsọ̀ wo rèé tí kò sẹ́ni tó ń ná nǹkan? Mo rí ìwé atúmọ̀ èdè kan tó nípọn, mo gbé e, mo lọ bá ìyá kan tó jókòó sídìí tábìlì. Mo ní, "How much?" Ó wò mí. Ó ní kì í ṣe títà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Yorùbá ni mí. Ọmọ ìyá aláṣọ ni mí. Bí ọlọ́jà bá ní òun ò tà, kí ló túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé kí n fi owó lé e. Mo dárúkọ iye kan. Ó mi orí. Mo fi lé e. Ó tún mi orí, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti ń rọ̀. Mo bá ṣe bí a ti ń ṣe lọ́jà: mo kẹ́yìn sí i, mo ń rọra lọ, kó lè pè mí padà. Lóòótọ́, ó pè mí padà. Inú mi dùn. Àṣé ìwé náà ṣì wà lábíyá mi.

Òun ló jókòó tì mí, tó ṣàlàyé pé "library" ni ibi tí wọ́n ti ń kàwé, pé "bookshop" ni ibi tí wọ́n ti ń rà á. Kò bú mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín yín rí bí tìyá yẹn. Ọmọ tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ìkà sí lẹ́ẹ̀kan, á pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹnu tó bá sì pa dé kò lè san gbèsè ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ sì bá mi kọ wọ́n sí páálí ọ̀tọ̀, àwọn tó jọ ẹbí wọ̀nyẹn. "Attend" kì í ṣe "attendre", ẹ má sọ fún ará Ghana pé ẹ máa "attend" rẹ̀ ní ibodè. "Journey" kì í ṣe "journée". "Actually" kì í ṣe "actuellement".

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé bàbá kan wà níbì kan tó ń sọ pé, "Ó dáa, láti òní lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa sọ nílé, kò sí Yorùbá mọ́." Ẹ gbàgbé rẹ̀, bàbá. Ẹ wò ó. Yorùbá ní kí a gé iṣu, kí a la igi, kí a já ewé, kí a bẹ́ orí ẹran, kí a rẹ́ ilá. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín gé àti là ní èdè ìyá rẹ̀, kí ni "cut" àti "split" á mú lọ́wọ́ wá fún un? Ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá pọ̀ sí lórí ọmọ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí ìjókòó.

Gbogbo yín lẹ mọ Samuel Àjàyí Crowther, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá. Ọmọ Òṣogùn ni. Ní 1821, wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Kò gbọ́ "good morning". Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé láàárín bí oṣù mẹ́fà, òun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ kọ́ nìyẹn. Ọmọ tó fi irú ìyára bẹ́ẹ̀ gba Gẹ̀ẹ́sì, kí ló kó jọ nígbà tó dàgbà? Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Ó ń tẹ́tí sí ẹnu àwọn àgbà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀, ní 1843 wọ́n sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London. Èdè kan ò lé èkejì jáde lórí rẹ̀. Ṣé ti Àjàyí ló wá yàtọ̀ sí tọmọ yín?

Ẹ̀yin ọmọ, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti dákẹ́. Ẹ tún lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú yìí. Àwọn rédíò Ghana ń wọlé sí wa kedere. Bí wọ́n bá ń sọ bọ́ọ̀lù, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Emmanuel Adebayor, agbábọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí ní 1984, Yorùbá làwọn òbí rẹ̀, Faransé ló ń sọ ní Metz àti ní Monaco kó tó dé Arsenal ní 2006. Ẹ rò ó wò ná: kóòṣì ń pariwo "mark him" láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹ̀yin ń wò ó.

Ó dáa, àkókò ti ń lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lójúmọ́, agolo mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì máa sin ín. Ó ku ohun kan. Mi ò lè sọ̀rọ̀ gbèsè láti àárọ̀ kí n má yá ẹ̀yin náà ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ yá yín lálẹ́ yìí, torí pé gbogbo ọmọ Yorùbá ló ń gbé wọn fún ara wọn.

Ní Yorùbá, "yá" kan náà la máa ń lò. Mo yá ọ lówó. Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó fúnni ń yá, ẹni tó gbà náà ń yá. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fúnni, "lend" ló ṣe. Ẹni tó gbà, "borrow" ló ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi máa ń dúró ní kíláàsì, á ní, "Borrow me your pen." Rárá o. "Lend me your pen." Ìwọ lo fẹ́ "borrow", òun ló máa "lend". Faransé náà yà wọ́n sọ́tọ̀, "prêter" àti "emprunter". Ẹ pè é tẹ̀ lé mi: lend. Borrow. Ẹ tún un pè. Kí ìyá wá pe bàbá: ta ló "lend", ta ló "borrow"? Ẹ má jà o.

Ẹ kọ méjèèjì sí páálí. Mo ti "lend" wọn fún yín, ẹ ti "borrow" wọn lọ́wọ́ mi. Ní déédéé àsìkò yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá kọjá níwájú ilé yín. Màá kí yín. Mi ò ní í mẹ́nu kan owó.

Ẹ sùn ire o.